Sienna mi ò gun òkè mọ́, wọ́n ní octane ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Sienna àtijọ́ bíi tèmi (ti ọdún 2000, V6), ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì náwó lórí octane booster, oògùn tí wọ́n ń dà sínú epo pé kí octane ẹ̀ lè ga, o. Oṣù tó kọjá là ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, èèyàn méje pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn, mo tẹ iná mọ́lẹ̀ títí, ọkọ̀ ń rá pálá ni, iná check engine sì ti tàn. Ẹnì kan nínú mọ́tò ní epo Nàìjíríà ni, pé octane ẹ̀ kéré, pé epo tó lágbára ló ń mu l'Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe délé mo ra booster, mo dà á sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò yí nǹkan kan padà.

Mo wá ṣí ìwé ọkọ̀ náà. Octane 87 ni wọ́n kọ síbẹ̀, epo tiwa sì rèé, 91. Òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. RON àti MON ni ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń wọn octane. RON nìkan la fi ń wọn tiwa, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ro RON pọ̀ mọ́ MON ni, wọ́n á pín in sí méjì, èyí tó bá jáde ni wọ́n ń kọ sára pọ́ǹpù, torí náà 87 wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 91 tiwa rárá.

Octane kì í ṣe agbára epo jàre, ìfaradà ẹ̀ ni. Bí písítìnì bá ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, iná pulọ́ọ̀gì ló yẹ kó wá jó o, tí octane bá kéré jù, apá kan á ti bú fúnra ẹ̀ kí iná yẹn tó débẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ bíi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Kẹrosíìnì tí wọ́n ń lú mọ́ epo inú kẹ́ẹ̀gì máa ń fa ìyẹn dáadáa, ẹ yéé rà á létí títì.

Tèmi ò dún rárá. "Mọ́mì, epo kọ́," ni mẹkáníìkì mi wí nígbà tó sikáànì ẹ̀, kóòdù P0325 ló gbé wá, pé knock sensor ló níṣòro. Etí ẹ́ńjìnnì nìyẹn, òun ló ń gbọ́ ariwo òkúta yẹn fún kọ̀ǹpútà, tó bá ti di, ẹ̀rù á máa ba kọ̀ǹpútà, á máa fi iná pulọ́ọ̀gì falẹ̀, ọkọ̀ ò ní lè fà mọ́, kò sí epo tẹ́ ẹ dà sí i tó máa wo etí yẹn sàn. Abẹ́ intake manifold, páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ló wà, wọ́n tú u fún odindi ọjọ́ kan, wáyà ẹ̀ ti gbẹ débi pé bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án ló ń ṣẹ́ bí igi ìṣáná.

Sátidé tó kọjá mo tún gba Ẹ̀fọ̀n, epo ilé epo lásán ló wà nínú ẹ̀, ó gun òkè yẹn tán láìsinmi.