Àkísà Tí A Kò Ní: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́yìn Tí A Di Bọ̀rọ̀kìnní

Ní ọdún 2014, nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó lọ sí ilé oníyàrá mẹ́ta ní Tánkè, ní Ìlọrin, mo ya fọ́tò fíríìjì wa, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òmù-Àrán. Fíríìjì tuntun ni, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó o kúrò fún bí oṣù mẹ́ta. Télọ̀ ni bàbá mi, èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà. Nínú ọmọ mẹ́fà tí wọ́n bí, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì, èmi náà sì ni owó oṣù tèmi kọ́kọ́ ń gba báńkì wọlé. Fọ́tò náà kì í ṣe ìgbéraga. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i nílé pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn lórí mi ti so èso.

Èdè wa ní orúkọ fún irú ẹni tí a dà nígbà náà. Bọ̀rọ̀kìnní ni. Kì í ṣe mẹ̀kúnnù mọ́, kò sì tíì di ọlọ́lá. Ó ń jẹun yó, ó ń wọ aṣọ tí ó mọ́, ó ń rán ọmọ lọ sí iléèwé tí ó wù ú, wọ́n sì ń pè é sí ìpàdé ẹbí kí wọ́n tó dá ìnáwó. Irú wa pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ogún ọdún àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún yìí. Ní ọdún 2011, Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà gbé ìwádìí kan jáde tí ó sọ pé bí ẹni kan nínú mẹ́ta ní ilẹ̀ yìí, tí iye wọn lé ní 300 mílíọ̀nù, ni wọ́n ti wà ní àárín, ìyẹn àwọn tí ń ná dọ́là 2 sí 20 lóòjọ́. Ìdí wà tí àwa tí a wà ní Nàìjíríà fi gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí a ti rí fóònù alágbèéká tí ó wọlé ní ọdún 2001 tí ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́, a ti rí gbèsè orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n fojú fo ọ̀pọ̀ rẹ̀ dá ní ọdún 2005, a sì ti rí owó epo rọ̀bì tí ń gòkè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tún sọ nínú ìwádìí náà ni pé ó lé ní ìdajì àwọn tí wọ́n kà sí àárín tí ó jẹ́ pé dọ́là 2 sí 4 péré ni wọ́n ń ná lóòjọ́. Àwọn tí ń léfòó ni wọ́n pè wọ́n, nítorí pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tó láti rì wọ́n padà sínú òṣì.

Tiwa dé ní ọdún 2016. Owó epo rọ̀bì ti ń já bọ́ láti àárín ọdún 2014, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà sì wọ ìfàsẹ́yìn irú èyí tí ojú wa kò tíì rí fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró, ọkọ mi sì wà lára wọn. Owó oṣù tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, nígbà mìíràn ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi gba lẹ́tà ìdádúró náà, a jókòó ní ilé ìdáná, a mú ìwé iléèwé àkọ́bí wa kan tí kò tíì lò tán, a sì kọ gbogbo ohun tí ń gba owó lọ́wọ́ wa sílẹ̀: owó ilé, owó iléèwé ọmọ méjì tí a ń san lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù mi fún Corolla tòkúnbọ̀ tí a fi lóònù rà, epo jẹnẹrétọ̀, owó àbúrò mi ọkùnrin tí ó wà ní pólì ní Ọ̀fà, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá ọkọ mi. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ tán, a rí i pé nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí ń wọlé fún àwa méjèèjì tẹ́lẹ̀, ₦83 ti ní olówó kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. A tún un ṣírò, iye kan náà ni.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí fara balẹ̀ wo àkọsílẹ̀ náà, nítorí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí a lè pè ní ìná àpà. A kò ṣe àríyá ọjọ́ ìbí, a kò bá ẹnikẹ́ni díje aṣọ ẹbí. Ẹni tí ó bá ń wàásù fún irú wa pé kí a dín fàájì kù kò mọ ohun tí ó ṣe wá. Ohun tí ó ṣe wá ni pé gbogbo owó wa ti di owó tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ra ẹran lọ́jà Ìpàtà lè ra èyí tí ó kéré lọ́la, ó sì lè fi wàrà rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n onílé kì í gba ìdajì, lóònù kì í dúró, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì ṣeé fò. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ti ń bá owó tí ń wọlé ga lẹ́sẹẹsẹ, ẹni náà kò tíì lọ́rọ̀, ẹrù tí ó rù ni ó kàn wúwo sí i.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, iléèwé fún ọmọ wa kejì, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 6, ní lẹ́tà pé kí ó má padà wá láìjẹ́ pé a san owó. Kò fi lẹ́tà náà jíṣẹ́. Ìgbà tí mo ń fọ aṣọ ni mo rí i nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ti ká a kéékèèké títí tí kò fi ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ, omi ọṣẹ sì ti ń jẹ yíǹkì ara rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun kò fẹ́ kí dádì òun rí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá mi wọkọ̀ láti Òmù-Àrán, wọ́n sì sọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà pẹ̀lú àpò èlùbọ́ kan àti gààrí. Wọn kò bá wa wí. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n bi mí pé, “Àbẹ̀kẹ́, kí ni ẹ ní nínú ilé yìí tí ẹ kò tíì máa lò?” Mo ronú títí, n kò rí èsì fọ̀. Wọ́n wá ní, “Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.”

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé ìwà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó yé mi pé ọ̀rọ̀ owó ni. Aṣọ ni Corolla wa, aṣọ ni iléèwé náà, aṣọ ni fíríìjì. Àkísà ni ohun tí ó ti pẹ́ nílé, tí àlejò kì í rí, tí a lè fà yọ lọ́jọ́ tí aṣọ bá ya. Àwọn ìdílé ọlọ́lá tí a jọ ń gbé Ìlọrin ní ilé tí bàbá bàbá wọn kọ́, wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jẹ wọ́n lóore. Owó oṣù nìkan ni àwa ní, a sì ń wọ irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀.

A ta Corolla náà. A mú àwọn ọmọ lọ sí iléèwé tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ó dùn mí ju títa ọkọ̀ lọ, àmọ́ olùkọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi sì rán wa létí oko kajú tí bàbá mi gbìn, tí àwa ọmọ ti ń sọ fún ọdún mélòó kan pé kí a tà. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ọdún náà, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn máa ń lọ́ kóró kajú náà lára èso rẹ̀ kí ó tó já, oje èso náà a sì máa dọ̀tí bá aṣọ débi pé ọṣẹ kì í bó o. Àwọn oníkajú máa ń gbé ìwọ̀n wá sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sanwó lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a bá pín in fún gbogbo ọmọ bàbá mi tán, ìpín tèmi san owó iléèwé táàmù kan. Oko tí mo fẹ́ tà láti fi ra táyà ni o.

Ìmọ̀ràn tí mo ní kò pọ̀. Ẹ má fi owó oṣù díwọ̀n ara yín. Ẹ bi ara yín léèrè pé bí owó náà bá dúró lónìí, oṣù mélòó ni ilé yín lè fi jẹun, kí ó sì sanwó tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ 11 ni tiwa ní ọdún 2016. Láti ìgbà náà, a ti fi òté lé e pé owó tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí owó oṣù ẹnìkan nínú wa lè dá gbé.

Ẹ ka ẹbí mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ṣírò bí ẹni pé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé jẹ́ ohun tí ó ṣèèṣì wáyé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oṣù tí kì í wáyé. A mú iye kan, a sọ iye náà fún àwọn ará ilé, a sì rí i pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ ju ìlérí lọ.

Lóònù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára, mo sì wà nínú ọ̀kan títí di òní, ṣùgbọ́n ohun tí yóò máa wà lẹ́yìn tí gbèsè bá tán ni kí ẹ fi rà. Ẹ má sì kó àkísà yín jọ sí ojú kan. Ní Gánà, nígbà tí ìjọba kò lè san gbèsè rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́ ní òpin ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí wọ́n ti yá ìjọba lówó ìfipamọ́ wọn lọ kóra jọ síwájú ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìṣúná ní ọdún 2023 kí wọ́n má bàa pàdánù rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe gbogbo ohun tí ó tọ́ ni wọ́n, àárín ni àwọn náà wà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó lítà kan ju ìlọ́po méjì lọ, kò sì pẹ́ tí náírà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ níwájú dọ́là. Ohun tí àwa ará àárín ń lò, láti orí táyà dé orí bátìrì ínfátà, òkè òkun ló ti ń wá, náírà ni wọ́n sì ń san fún wa. Nítorí náà, kíákíá ni àárín máa ń fún. A mú ìwé náà jáde lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Oṣù mẹ́fà àti ọ̀sẹ̀ kan ni a ní. A pa jẹnẹrétọ̀ tì, ọkọ mi, tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ínfátà ṣe òwò tiwọn nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí àdúgbò Challenge ní Ìlọrin, kò sì sí ọmọ tí ó gba lẹ́tà wálé.

Ìyá mi ṣì ń bi mí ní ìbéèrè yẹn nígbàkigbà tí mo bá lọ kí wọn. Ní ọdún 2018, a gbin kajú tiwa, igi 40, sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá mi. Ọmọ tí ó fi lẹ́tà pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ ni ó di ọ̀pọ̀ nínú wọn mú ṣánṣán nígbà tí mo ń wa yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so.