"Yá mi" kò jẹ̀bi

"Yorùbá ló ń dà yín láàmú. Èdè wa ò lọ́rọ̀ tó."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wálé lónìí. Nínú bọ́ọ̀sì ni màmá kan ti sọ ọ́, torí ọmọkùnrin kan ní kí ọ̀rẹ́ òun "borrow me your pawa báǹkì" dípò "lend me". Òjò rọ̀, iná ò wá, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ wá, wọ́n sì lọ. Gbólóhùn yẹn ò lọ.

Kò lọ́rọ̀ tó. Báwo?

Ohun kan náà ni borrow àti lend ń tọ́ka sí: nǹkan kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì ń bọ̀ wá padà. Ẹni tó gbà á ló borrow, ẹni tó fi sílẹ̀ ló lend. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Gẹ̀ẹ́sì fi pín in. Àwa ò pín in sí ara ọ̀rọ̀-ìṣe, ohun tó tẹ̀ lé e la fi ń pín in. "Mo yá owó lọ́wọ́ Bísí": èmi ni mo jẹ gbèsè. "Mo yá Bísí lówó": Bísí ló jẹ gbèsè. Ta ló máa gbọ́ méjèèjì tí kò ní mọ ẹni tó máa san? Bí a ò bá tiẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó ṣì yé wa. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje: kò sẹ́ni tó rò pé ẹni tó fúnni lówó ni òwe yẹn ń bá wí. A tún ní wín, tí àwọn àgbà fi ń sọ ti owó. Kọ́ náà ń ṣe bíi yá: ó kọ́ ìlù, ó kọ́ ọmọ ní ìlù, ó kọ́ ìlù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Learn, teach, learn from. Kò sí èyí tó sọnù níbẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ńkọ́? Leihen ni wọ́n ń sọ, tàbí borgen tó jẹ́ ọmọ ìyá borrow gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣiṣẹ́ gbígbà àti fífúnni pọ̀. Ich leihe dir Geld: mo yá ọ lówó. Ich leihe mir Geld von dir: mo yá owó lọ́wọ́ rẹ. Níbi tí àwọn èèyàn wọn tẹ̀dó sí púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, bíi Wisconsin, èèyàn á gbọ́ "borrow me" lẹ́nu àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí wọn bá. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èdè Jámánì ò lọ́rọ̀ tó.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ńkọ́! Bí ẹnìkan bá ní "I rent a flat in Surulere", ṣé onílé ni àbí ayálégbé? Ó lè jẹ́ èyíkéyìí. Àfi kó fi to tàbí from kún un, bí àwa náà ṣe ń fi lọ́wọ́ kún tiwa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní let fún ọwọ́ onílé. Òun ló wà lára ògiri káàkiri Èkó àti Ìbàdàn, TO LET. Ará Amẹ́ríkà máa kọ FOR RENT síbẹ̀. Ayálégbé, ẹ wò ó. Yá náà ló wà nínú ẹ̀, kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú.

Inú mi ti ń dùn díẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n màmá yẹn ò parọ́ tán. Láti inú Yorùbá ni "borrow me" ti wá lóòótọ́. Wọ́n kọ́ ọmọ pé yá ni borrow, wọ́n fi mọ síbẹ̀, ọmọ wá gbé borrow sípò yá nínú "yá mi". Àìsí ọ̀rọ̀ kọ́ ló fà á. Ìtumọ̀ kan péré tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ méjì ló fà á. Ìbáwí ò sì tún un ṣe, ó máa ń bà á jẹ́ sí i ni. Ọmọ tí wọ́n ti bú nítorí borrow á sá fún un pátápátá, á wá máa kọ "I lent fifty thousand naira from Bísí." Nínú ìwé gbèsè, gbólóhùn yẹn léwu: lent ń sọ pé òun ló fúnni, from ń sọ pé òun ló gbà.

Ọ̀rọ̀ náà "lọ́wọ́" ni kí àwọn ọmọ máa wá. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá tán pátá. Bí lọ́wọ́ bá wà níbẹ̀, borrow ni, from sì ni yóò tẹ̀ lé e. Bí èèyàn bá tẹ̀ lé yá tààrà, tí ní bọ́ sáàárín èèyàn àti ẹrù, lend ni: lend me your pen, tàbí lend your pen to me. Kò sí from. Lent ni ti àná, kì í ṣe lended. Ohun tí kò ṣeé gbé kúrò nílẹ̀ kò sì sí lára méjèèjì: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onílé, use ni, bí àwa náà ṣe ń ní "ẹ jẹ́ kí n lò ó."

Lóòótọ́, nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ yẹn gbé pawa báǹkì rẹ̀ fún un. Ó yé e. Nínú ìdánwò nìkan ni yóò ti gé máàkì. Ṣé ìyẹn wá tó ohun tí a ó máa bú èdè sí? Mi ò mọ̀ bóyá mo le jù…

Loan ló kù fún ọ̀la. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ, kò níyọnu níbikíbi. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe, ará Amẹ́ríkà á ní "loan me your car" láìro ó lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó gbára lé Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bìrìtìkó á sì fi bírò pupa fà á. Lend ni kí àwọn ọmọ máa kọ títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò tán. Hire náà ṣì wà níbẹ̀, tí a ti sọ di háyà: mọ́tò ni wọ́n ń hire ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà òṣìṣẹ́ ni wọ́n sábà ń hire, mọ́tò ni wọ́n ń rent. Màá mú méjèèjì pọ̀, bí àyè bá wà.