Mo dọ̀bálẹ̀ fún òdòdó lórí òkè Colorado

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti búrẹ́dì. Nígbà tí a kúrò ní Denver, olú ìlú Colorado ní Amẹ́ríkà, a yà jẹun ní ìlú kékeré kan nísàlẹ̀ òkè. Búrẹ́dì, ẹyin kan, wàràkàṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: dọ́là 18! Ata kò sí níbẹ̀, iyọ̀ gan-an ṣọ́wọ́n. Ọmọ tó gbé e wá tún na ẹ̀rọ ìsanwó sí mi, kí n yan iye tí màá fi ta á lọ́rẹ. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ ni ìdá 20 nínú 100. Ìyàwó mi ní kí n má bínú. Mo bínú. Ẹ di mọ́ínmọ́ín yín láti ilé.

Òdòdó tó gbé wa débẹ̀ ni Eutrema penlandii. Kò sí níbòmíì láyé àfi lórí àwọn òkè Mosquito Range, níbi tó ga ju mítà 3,600 lọ, tí igi kì í hù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Penland ti Colorado College ló rí i ní 1935.

Mọ́tò gbé wa dé Hoosier Pass, ibi tí títì ti gba àárín àwọn òkè náà kọjá. Ẹsẹ̀ ló kù. Atẹ́gùn ibẹ̀ kò tó mí. Mo rìn díẹ̀, mo dúró, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú mi ò dùn rárá.

Ọ̀rẹ́ wa tó mọ ewéko ló pariwo pé òun ti rí i. Èmi ò rí nǹkan kan. Ó ní àfi kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ fún kẹ́yìn ni bàbá ìyàwó mi! Mo nà gbalaja, òdòdó sì yọ sí mi: kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ewé rẹ̀ ń dán, ó pọ̀ nídìí, òdòdó funfun ṣùjọ sí orí. Ewé òdòdó mẹ́rin ló ní, wọ́n ṣe àgbélébùú. Irun akọ, ìyẹn àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé àtíkè òdòdó, jẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin gùn, méjì kúrú. Ìdílé kábéèjì nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń rí. Àárẹ̀ mi fò lọ.

Inú àbàtà ló ń hù, òjò dídì tó pẹ́ kó tó yọ́ ló sì ń bomi rin ín ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi yẹn bá yà síbòmíì, ó parí fún un. Láti 1993 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin dáàbò bò ó, síbẹ̀ a rí ojú taya tuntun tó la àbàtà náà já. Ta ló ń wa mọ́tò níbẹ̀?

Bẹ́ ẹ bá ń lọ ní oṣù Keje, ẹ wọ bàtà òjò, ẹ máa tẹ orí òkúta, kẹ́ ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di ọ̀sán, torí àrá ibẹ̀ kì í ṣe eré.