Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi físíìsì kọ orin, ẹ gbọ́ tèmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi físíìsì kọ orin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́múlà sílẹ̀ sínú ìwé, ẹni tó ń gbọ́ orin ò wá ṣèdánwò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ wá bi ara yín pé irú èèyàn wo ló ń ṣe báyẹn.

Ẹ wo òṣùpá. Ó ń sún kúrò lọ́dọ̀ ayé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún, omi òkun tí òṣùpá ń fà ló fà á, torí ayé ń yí kíákíá, ó ń gbé omi tó wú yẹn ṣíwájú òṣùpá díẹ̀, omi yẹn náà á wá máa fa òṣùpá síwájú, bó ṣe ń jìnnà sí wa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fojú rí i. Nígbà tí mo kà á, tọkọtaya tó ń jìnnà síra wọn nínú ilé kan náà láìjà ni mo kọ. Òṣùpá ò wọnú orin náà àfi ní ẹsẹ tó kẹ́yìn, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà yẹn wà nínú ègbè, torí ó kéré débi pé ó ń dunni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ohùn fúnra ẹ̀ físíìsì ni, orin lè ṣe nǹkan náà kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ohùn 440 Hz àti 443 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdì kan) dún pọ̀, bíi ohùn kan ló máa ṣe létí yín, á máa le, á máa rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ní sẹ́kọ́ńdì kan, torí 3 ni wọ́n fi jura wọn lọ. Mo ní kí akọrin méjì di ohùn kan mú, kí ọ̀kan rọra sún sókè díẹ̀, ó sì gbọ̀n rìrì, ibẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ ìjà sí. Nígbà tó ń sún padà, gbígbọ̀n yẹn ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí ó fi dúró. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ìparíjà kankan tó lè ṣe èèyàn báyẹn! Ẹ lè fi gìtá gbìyànjú ẹ̀: ẹ tẹ okùn tó nípọn jù ní fret karùn-ún (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ẹ ta á pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e láìtẹ ìyẹn, kẹ́ ẹ tú ọ̀kan díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ físíìsì gbọ́ orin yín kó tó jáde o.

Black hole ńkọ́, ìyẹn ohun tó wà lójú sánmà tí òòfà ẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè jáde nínú ẹ̀? Gbogbo èèyàn ló ń fi ṣe ìbànújẹ́, ó ti sú mi. Àmọ́ ní September 2015, LIGO, ẹ̀rọ tó ń wá ìgbì òòfà látojú sánmà, gbọ́ ìgbì tí méjì tó wọnú ara wọn dá sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ ìgbì yẹn di ohùn, láti nǹkan bíi 35 Hz ló ti sáré gòkè dé 250 Hz láàárín ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ńdì. Ẹ kọ́kọ́ fi ohùn ẹnu yín gbé e bẹ́ẹ̀ ná, ẹ máa wá ọ̀rọ̀ sí i tó bá yá.