Gígun Ẹ̀yìn Ọ̀tá Gàgàrà nínú D&D: Ohun Tí Mo Ti Kọ́

Nínú Dungeons and Dragons, eré orí tábìlì tí a fi dáìsì ń ta, bí òmìrán tàbí dírágónì bá ti yọjú báyìí, ẹnì kan nídìí tábìlì á ní òun fẹ́ gùn ún lẹ́yìn. Òfin rẹ̀ wà nínú ìwé DM (Dungeon Master, ẹni tó ń darí eré) tó jáde ní 2014, òfin àti iye ti 2014 náà ni mo lò níbí, àmọ́ àṣàyàn ni, ẹ bi DM yín bóyá ó gbà á. Ohun tí mo kọ́ ni pé gígùn gan-an kò le. Dídúró lókè ló le, ìgbà míì sì wà tí èrè ibẹ̀ kò tó iye tí ẹ ná.

Ẹ má fi grapple, ìyẹn dídi ọ̀tá mú, ṣe é. Grapple kì í mú ohun tó bá fi ìwọ̀n méjì tóbi ju èèyàn lọ: ẹni Medium (ìwọ̀n èèyàn) lè di Large mú, Huge (bíi adult red dragon) ti kọjá agbára rẹ̀. Àfi bí wizard (oṣó) yín bá fi idán Enlarge sọ ẹni náà di Large. Ìyẹn dáa o, torí dírágónì tí wọ́n bá dì mú lójú òfúrufú, speed rẹ̀ di 0, á já lulẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń gùn ún nìyí. Ẹ kọ́kọ́ dé ibi tí ẹ ti lè fò mọ́ ọn, kí ẹ wá ná action yín (ohun ńlá kan tí ẹ lè ṣe nínú turn, ìyẹn nígbà tó bá kàn yín), kí ẹ ju d20 (dáìsì ojú 20) pẹ̀lú Athletics (agbára) tàbí Acrobatics (ìyára ara), èyí tó bá wù yín. Ọ̀tá á ju Acrobatics tirẹ̀. Bí ó bá dọ́gba, ẹ ò rí i gùn. Bí ẹ bá borí, ibi tó bá ń lọ lẹ ó máa bá a lọ, ẹ sì ní advantage (ẹ ó ju d20 méjì, ẹ ó mú èyí tó ga) lórí gbogbo attack tí ẹ bá ṣe sí i. Rírìn lára rẹ̀ dà bí rírìn nínú ẹrẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 30 á di 15. Láti gbọ̀n yín dànù, òun náà á ná action, á ju Athletics, ẹ̀yin á sì tún yan èyí tó bá wù yín.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Adult red dragon ní Dex (ìyára ara) 10, ìyẹn +0, àti Str (agbára) 27, ìyẹn +8. Bí rogue (olè ayọ́kẹ́lẹ́ inú eré) tó ní Acrobatics +7 bá fẹ́ gùn ún, +0 ni dírágónì fi ń dènà. Rogue á borí nígbà bíi 77 nínú 100. Bí dírágónì bá fẹ́ gbọ̀n ọ́n dànù, +8 ló ń lò, á sì rí i ṣe ní ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ṣùgbọ́n action tó ná yẹn ni ìbá fi ṣán yín lẹ́ẹ̀kan, kó ha yín lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bíi damage (ìpalára) 56 bí gbogbo rẹ̀ bá bà yín. Èrè gidi nìyẹn lójú tèmi. Advantage kàn jẹ́ ènì ni.

Ẹ ṣírò ohun tí ẹ ná pẹ̀lú. Grapple ń gba ipò attack kan péré, gígùn ń jẹ odidi action. Bí attack yín bá jẹ́ +7, tí AC dírágónì (iye tí ẹ gbọ́dọ̀ ju kàn kí ẹ tó bà á) sì jẹ́ 19, ẹ ń bà á nígbà 45 nínú 100. Advantage sọ ọ́ di bíi 70. Turn kan tí ẹ fi gùn ún á padà wálé láàárín turn méjì, bí ẹ ò bá kùnà. Ti òmìrán hill giant ńkọ́? AC 13 péré: 75 di bíi 94, turn mẹ́rin gbáko kí ẹ tó gba owó yín padà. HP (ẹ̀mí) 105 ló ní. Á ti kú kó tó dìgbà yẹn. Ẹ dúró nílẹ̀ kí ẹ máa gé e lẹ́sẹ̀. Barbarian (jagunjagun oníbìínú) tó ń lo Reckless Attack, tó ti ń fún un ní advantage, kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, torí advantage méjì kì í papọ̀.

Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Jíjábọ́ jẹ́ damage 1d6 (dáìsì ojú mẹ́fà kan) fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan. Dírágónì yìí ń fò 80 nínú turn kan, ìyẹn 8d6, bíi 28, ẹ ó sì wà nílẹ̀ ní prone (ní ìdùbúlẹ̀). Feather Fall, idán tó ń mú ẹni tó ń já bọ̀ rọra balẹ̀, kò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 60, nítorí náà ẹ bi DM ṣáájú bóyá wizard tó wà nílẹ̀ lè dúró kí ẹni tó ń já bọ̀ sún mọ́ ọn. Okùn tí ẹ fi so ara yín mọ́ ọn kò ṣe é gbójú lé: HP 2 ni, DC 17 (iye tí d20 àti agbára gbọ́dọ̀ kàn) ló sì fi ń já, dírágónì á já a nígbà 60 nínú 100. Kí wizard yín má sì ju Fireball (idán iná) sí i nígbà tí ẹ wà lókè, ẹ̀yin náà wà nínú 8d6 yẹn. Remorhaz (ẹ̀dá abàmì gàgàrà kan) ní tirẹ̀, ẹ má gùn ún rárá. Ara rẹ̀ gbóná, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á jẹ 3d6.

Ẹ̀yin DM, òfin fi ibi tí ọ̀tá lè ti nawọ́ kan ẹni tó gùn ún sílẹ̀ fún yín. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ju d20, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, ẹni tó wà lọ́rùn, eyín àti iná kò lè bà á; ẹni tó wà láàárín ìyẹ́, ìrù lè nà án; ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀, kò sí ohun tí kò lè bà á. Wing attack, kí dírágónì fi ìyẹ́ gbá yín, ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: legendary action (ohun àfikún tó ń ṣe lẹ́yìn turn ẹlòmíì) méjì ni, kò gba action gidi lọ́wọ́ dírágónì, ẹni tó bá kùnà Dex save (d20 tí ẹ fi ń yẹ ewu) DC 22 á jẹ damage 15, á sì di prone. Kí ni prone lórí ẹ̀yìn dírágónì? Mo gbà pé ó já bọ́ nìyẹn, àwọn eléré mi sì mọ̀ kí wọ́n tó gùn ún. Mo tún máa ń ní kí ọwọ́ kan di ìpẹ́ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú greatsword (idà ọlọ́wọ́ méjì) tàbí ọrun dání, kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó yọ ọ̀bẹ.