Nínú iyanrìn Àgbádárìgì, ọjọ́ kẹta ni ọ̀dá ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ ní Àgbádárìgì, ẹ má jẹ́ kí òjò ńlá tàn yín jẹ. Òjò tó rọ̀ fún wákàtí kan, tí gbogbo ọ̀nà kún, kì í dúró ti gbòǹgbò ẹ̀fọ́ nínú iyanrìn; ìsàlẹ̀ ló ń gbà lọ. Gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í sábà wá omi kọjá ẹsẹ̀ bàtà kan, omi tí iyanrìn sì lè gbé dúró dè wọ́n níbẹ̀ kò ju ti ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ooru tó ń pọ̀ sí i láyé ti kàn wá. Bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì kan gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Ara ilẹ̀ àti ewé ló ti ń fà á. Bó bá wá fẹ́ dà á padà, á dà á wìì lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dáwọ́ dúró fọ́jọ́ gbọọrọ.

Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóòró, omi lítà 1 ni. Bẹ́ẹ̀dì mítà 10 lóòró, mítà 1.2 níbùú, tí ẹ̀fọ́ ti bò, á máa mu tó mìlímítà 5 lójúmọ́ tí oòrùn bá mú: lítà 60 nìyẹn, agolo ìbomirin onílítà 10 mẹ́fà. Ẹ má kó omi ọjọ́ mẹ́rin jọ dà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á wọlẹ̀ lọ, á sì gbé ajílẹ̀ yín dání. Ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́, ẹ pín omi tiẹ̀ sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì jìn. Ẹ ki ìka bọlẹ̀ kẹ́ ẹ fún iyanrìn náà lọ́wọ́: bó bá dì, ẹ fi í sílẹ̀, bó bá ń yọ́ bọ́ láàárín ìka, ẹ ti pẹ́.

Koríko gbígbẹ tó nípọn tó ìka mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi bo ilẹ̀, kó má kan ìdí ẹ̀fọ́, kó má bàa rà. Èèpo àgbọn náà dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi omi òjò fọ̀ ọ́ dáadáa, iyọ̀ máa ń wà lára rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pọ́ọ̀ǹpù. Nítòsí òkun, orí omi iyọ̀ ni omi dídùn léfòó sí nínú ilẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1 tí omi dídùn fi ga ju òkun lọ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fà wálẹ̀ lókè, iyọ̀ á fi ìlọ́po gòkè. Ẹ ó rí i: ọṣẹ ò ní hó dáadáa, etí ewé á máa jó, ilẹ̀ á funfun bó bá gbẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní àrùn, tí wọ́n á máa fín oògùn lásán. Kànga méjì tí ò jìn, tẹ́ ẹ ń fà díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń jẹ́ kó sinmi, sàn ju ọ̀kan tó jìn lọ.

Bí iyọ̀ bá ti wọlé, ìdí ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ máa bomi sí, kì í ṣe ewé, títí òjò á fi rọ̀. Iyanrìn tí kì í gbé omi dúró yìí náà kì í pẹ́ jẹ́ kí òjò fọ iyọ̀ lọ. Kẹ́ ẹ tó tún tan pọ́ọ̀ǹpù, ẹ tọ́ omi kànga wò ná.