Ohun tí àparò Jìbútì kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹyẹ, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹyẹ kan fi ń tán lọ, ẹ wo ìdí igi tó ń gbé kí ẹ tó wo ìyẹ́ rẹ̀. Àparò Jìbútì ni mo fi kọ́ ọ.

Ìbátan àparò oko tiwa ni, ṣùgbọ́n ní gbogbo ayé, Jìbútì, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní ìlà oòrùn Áfíríkà, nìkan ló wà: ní igbó Day lórí òkè Goda, àti lórí òkè Mabla. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó ti dàgbà tó láti pamọ kù bí i 200 sí 500. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igbó, kà á mọ́ àwọn tó ti dé bèbè ìparun.

Igi júnípà, igi kan tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán, ló kún igbó Day nígbà kan. Ọ̀dá dá, àwọn èèyàn gé igi dáná, màlúù àti ewúrẹ́ sì ń jẹ ọmọ igi kó tó ga. Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí o. Igi àgbà lè wà lóòró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹni tó ń kọjá lọ máa rò pé igbó ṣì wà. Bí kò bá sí ọmọ igi lábẹ́ rẹ̀, igbó ti ń kú nìyẹn. Ẹyẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ kò sì ríbi ṣí lọ, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ló yí òkè náà ká.

Kíkà wọn kò rọrùn. Abẹ́ igbó dídí ni wọ́n máa ń sá sí, nítorí náà igbe wọn ní ìdájí ni a fi ń mọ̀ pé wọ́n wà. Ẹni tó bá fún yín ní iye kan gbáko, ẹ bi í bó ṣe kà á.

Àwọn ẹ̀yà Afar tó ń da ẹran níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹran yẹn ni wàrà ọmọ wọn, òun náà ni owó wọn. Bí ẹ bá sọgbà yí ọmọ júnípà ká láìbá darandaran sọ̀rọ̀, ta ni yóò ṣọ́ ọgbà náà nígbà tí ẹ bá padà sílé?

Ohun kan ṣì ń fún mi nírètí. Júnípà ti kú púpọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rí àparò yìí láàárín àwọn igi mìíràn tó kù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣèwádìí, ẹ má fo ibi tí júnípà ti gbẹ. Ẹ tètè dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì tẹ́tí.